Bíríkì Ẹnu Ọ̀nà

Ṣọ́ọ̀ṣì wa kì í ti ilẹ̀kùn. Mi ò pa òwe o. Ilẹ̀kùn gidi ni mò ń sọ, onígi, tó wúwo. Bíríkì pupa kan ni wọ́n fi há a lẹ́nu láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó dé ilé náà, òjò ìbáà rọ̀, òtútù ìbáà mú. Bí atẹ́gùn bá ń gbé ìwé orin lọ, a ó dì í mú. Bí òtútù bá wọlé, a ó wọ kóòtù kọrin. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráàyè wọ̀ ọ́. Àwọn èèyàn tiwa fọwọ́ ara wọn la ògiri lẹ́nu, wọ́n tún wá fi bíríkì há a kó má baà pa dé. Wọ́n ní ọmọ Ọlọ́run ni aláǹgbá náà.

Níbi tí mo ti dàgbà, pásítọ̀ máa ń wọ kóòtù, á máa làágùn, a sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Ṣòkòtò jíìnsì ni Pásítọ̀ tiwa yìí máa ń wọ̀. Ó ní ká má pe òun ní Dádì, pé òun ò bí ìkankan nínú wa. Obìnrin ń wàásù níbẹ̀, ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ tú ká náà ń wàásù. Ọkùnrin kan wà tó máa ń jókòó sọ́wọ́ ẹ̀yìn, oníṣègùn eyín ni, ó sọ ọ́ gbangba pé òun ò tíì mọ̀ bóyá Ọlọ́run wà, pé nítorí orin lòun ṣe ń wá. Kò sẹ́ni tó gbé ọwọ́ lé e lórí láti lé nǹkan kan jáde. Tíì ni wọ́n bù fún un. Bí ìwàásù bá sì parí, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn lè dìde kó fèsì. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo di àga mú gírígírí, mo ń retí kí mànàmáná já àjà lulẹ̀.

Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri: A KÌ Í BÈÈRÈ ÀNÁ. Ohun yòówù tí ojú rẹ ti rí, ohun yòówù tí ọwọ́ rẹ ti ṣe, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bi ọ́, àfi tó o bá fẹnu ara rẹ sọ ọ́. Òfin yẹn ló dá mi dúró. Ìka kan wà lọ́wọ́ òsì mi tí kì í ká mọ́. Níbi iṣẹ́ mi, ní ilé ìfọṣọ tí a ti ń lọ aṣọ ibùsùn àwọn hòtẹ́ẹ̀lì, gbogbo ẹni tó bá rí ìka náà ló máa ń bi mí, irọ́ tó bá kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu ni mo sì máa ń pa: ilẹ̀kùn ni, ẹ̀rọ ni, ajá ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n wo ìka náà, wọ́n sì na ìwé orin sí mi.

Má-jókòó ni wọ́n ń pè mí nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ìdí mi kì í gbé àga. Bí àwọn yòókù bá jókòó gbọ́ ìwàásù, èmi á dúró ti ògiri, màá máa gbé ara lé ẹsẹ̀ ọ̀tún, màá tún gbé e lé tòsì, báàgì mi á sì wà léjìká mi láti orin àkọ́kọ́ títí di àdúrà ìkẹyìn. Wọ́n ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Ohùn kejì ni mò ń kọ, ohùn tó máa ń rìn lábẹ́ ohùn àwọn tó ń dá orin, tí ará ìjọ kì í fetí sí. Ẹ̀yìn onífèrè ni mo sì ti máa ń kọ ọ́, nítorí onífèrè wa ga, ó tún sanra, kámẹ́rà tí wọ́n fi ń gbé orin wa sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ò lè rí mi lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti ro gbogbo rẹ̀ pátá. Ohun kan tí mi ò rò ni pé kámẹ́rà náà ní etí.

Sọ́ńdè tí mò ń sọ yìí, orin kejì la wà. Ìlù ń dún, gìtá ń dún, Ìyá Onídùùrù wà nídìí dùùrù rẹ̀. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni kó tó fẹ̀yìn tì, bó ṣe ń wa bọ́ọ̀sì náà ló ṣe ń lu dùùrù. Ó so dígí bọ́ọ̀sì kan mọ́ orí dùùrù náà, inú dígí yẹn ló ti máa ń wo àwa akọrin lẹ́yìn rẹ̀, kó tó yà sí ẹsẹ orin tó kàn. Kì í fi èrò sílẹ̀. Bí o kò bá tíì mí tán, á dúró dè ọ́.

Mo gbójú sókè, mo rí ọkùnrin kan tó gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí bíríkì náà jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí bàtà rẹ̀ dọ̀tí. Ẹsẹ̀ yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀, kí n tó rí ojú tó ni ín.

Orúkọ rẹ̀ ò ní ti ẹnu mi jáde. Ọkọ mi ni tẹ́lẹ̀. Ilé ẹjọ́ ti tú wa ká, òun nìkan lọ́rọ̀ náà ò tíì yé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tí mo kọ́kọ́ sá lọ, ó wá síbẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, ó sunkún débi pé àwọn ìyá ìjọ ń fi etí aṣọ nu ojú. Wọ́n ní kí n máa lọ, pé ilé ọkọ nilé obìnrin. Mo lọ. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí ni ìka yìí kán. Ní ṣọ́ọ̀ṣì kejì, kò tilẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú láti sunkún. Ó jókòó, ó ń wò mí ni. Mo gba ẹ̀yìnkùlé jáde, mo fi ìwé orin mi àti gbogbo ọ̀rẹ́ tí mo ní níbẹ̀ sílẹ̀, mi ò sì padà mọ́. Ibí ni ẹ̀kẹta. Mo mọ ara mi: bí mo bá tún gba ẹ̀yìnkùlé ibí yìí jáde, mi ò ní wá ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn mọ́, mi ò sì ní kọrin mọ́. Màá kàn máa lọ aṣọ ni, títí wọn á fi gbé mi sin.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe gbà á. Ọkùnrin tó ń gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà, Ẹ-káàbọ̀ la ń pè é, nítorí kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu. Alápatà ni láàárín ọ̀sẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Ó dì mọ́ ọn, ó gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, ó mú un wá sí iwájú, ó fi àga tó dáa jù fún un. Mo rí i tó tẹ̀ ba sí i létí, tó ń ṣàlàyé, tó ń rẹ́rìn-ín. Mo mọ ohun tó ń sọ, nítorí bẹ́ẹ̀ náà ló sọ fún èmi lọ́jọ́ kìn-ín-ní mi: pé àlejò ló máa ń yan orin ìkẹyìn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, orin yòówù tó bá wù ú, àti pé ẹnì kan nínú akọrin á sọ̀ kalẹ̀ wá dúró tì í, kó má baà dá a kọ. Lọ́jọ́ tèmi, Ìyá Onídùùrù fúnra rẹ̀ ló wá dúró tì mí. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó bi mí ìdí.

Ọkùnrin náà tẹ́tí, ó ń mi orí. Ó wá nawọ́ sí ibi tí mo wà. Ó sọ nǹkan kan. Inú Ẹ-káàbọ̀ dùn dé ìdí.

Ìwàásù bẹ̀rẹ̀. Pásítọ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa tábìlì tó gùn débi pé kò sẹ́ni tí kò ní rí àga níbẹ̀. Mo ń gbọ́ ọ, mi ò gbọ́ ọ. Ẹsẹ̀ mi ò gbélẹ̀. Mo wo ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, àga tí wọ́n tò jọ dí i. Mo wo fèrèsé. Mo wo òun: ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó rọra ń fi ìka lu orúnkún rẹ̀, àfi bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ tó mọ̀ pé ó ń bọ̀. Inú bí mi. Inú bí mi sí i, inú bí mi sí Pásítọ̀ àti tábìlì rẹ̀, inú bí mi sí bíríkì. Òfin tó fi ọkàn mi balẹ̀ náà ló ṣílẹ̀kùn fún un wọlé, ta ni mo fẹ́ bá jà?

Ìwàásù ò tíì parí tí mo fi yọ́ lọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀ tóóró tó gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lára rẹ̀, òpópónà wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ náà nígbà tí akọrin bẹ̀rẹ̀ orin tó tẹ̀ lé ìwàásù. Mo dúró. Láti ìgbà tí mo ti dé ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, mi ò gbọ́ orin wa láti ìta rí. Àwọn adáorin ń lọ lókè, àwọn ọkùnrin ń dún nísàlẹ̀, àlàfo sì wà láàárín wọn. Àwọn méjì yòókù tá a jọ ń kọ ohùn kejì ń wá ọ̀nà, wọ́n ń ṣìnà, wọ́n ń tẹ̀ lé adáorin bí ọmọ tó sọnù. Ibi tó yẹ kí n wà ṣófo, ó sì ń dún. Mo ti rò pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ mi. Èmi fúnra mi wá ń gbọ́ bí mi ò ṣe sí níbẹ̀.

Mo fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Mo padà sẹ́yìn onífèrè. Nínú dígí, ojú Ìyá Onídùùrù bá tèmi pàdé, ó sì mi orí lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ-káàbọ̀ gba máíkì. "Ẹ káàbọ̀, ẹ káàbọ̀, ẹ káàbọ̀! Àlejò wa ti yan orin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tó sọ. Ó ní lórí fóònù lòun ti ń gbọ́ wa, pé ohùn obìnrin kan ló fa òun wá, ohùn kan tó máa ń wà lábẹ́. Mo ní, à á! Ohùn Má-jókòó nìyẹn! Ó bẹ̀bẹ̀ pé kó jẹ́ Má-jókòó ló máa wá dúró ti òun." Ó rẹ́rìn-ín. "Mo ní kò ní ṣòro, ṣebí orí ìdúró ló wà tẹ́lẹ̀!"

Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. "Má-jókòó! Má-jókòó!" Wọ́n fẹ́ràn mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sọ́kàn pé wọ́n fẹ́ràn mi.

Ẹ-káàbọ̀ wá dárúkọ orin náà. Orin tí wọ́n kọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa ni, tó sọ nípa ẹni tó rìn jìnnà tó sì padà sílé.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má bi mí bí mo ṣe rìn ín. Mo dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà, ó sún fún mi, ó fi ọwọ́ lu àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí àwọn tó wà lẹ́yìn wa, ó sì rọra sọ̀rọ̀ sí mi létí, ohùn rẹ̀ dẹ̀ bí òwú.

"Ìyàwó mi. O ò lè fi ohùn pa mọ́ fún mi. Kọ ọ́, ká máa lọ sílé."

Ìyá Onídùùrù ti bẹ̀rẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ orin. Ó dé ibi tó yẹ ká ti wọlé, mi ò wọlé. Ó wo dígí. Ó yí orin náà padà sẹ́yìn, ó tún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lù. Ó tún débẹ̀, ó tún wo dígí, ó tún yí i padà. Àwọn èèyàn ń wo ara wọn. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ kúrò lórí dùùrù pátápátá, ọmọ ọwọ́ kan tó ń sunkún lọ́wọ́ ẹ̀yìn nìkan là ń gbọ́.

"Ẹ bi mí," mo ní.

Pásítọ̀ tẹ̀ síwájú. "Arábìnrin, a ò gbọ́."

"Ẹ bi mí léèrè àná."

Ó wo ògiri, ó wò mí. "Arábìnrin, ẹ mọ̀ pé níbí, a kì í..."

"Mo mọ̀ pé ẹ kì í béèrè. Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ bi mí. Ẹnu mi ò lè dá a bẹ̀rẹ̀."

Àwọn èèyàn tó ní ọ̀rọ̀ lórí gbogbo nǹkan, tí wọ́n ń bá Pásítọ̀ jiyàn lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, gbogbo wọn ń wo bàtà. Ìyá Onídùùrù ló fọhùn, kò tilẹ̀ yíjú padà, inú dígí ló ń wò.

"Ọmọ mi, kí ló ṣe ìka ọwọ́ rẹ?"

"Ọkùnrin tó jókòó yìí ló kán an, mà."

Ẹnì kan pariwo "Jésù!" Ọkùnrin náà dìde, ó tún kóòtù rẹ̀ ṣe, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀ fún gbogbo ìjọ. Ó mọ̀ ọ́n ṣe.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má bínú sí wa. Ìyàwó mi ni, ọ̀rọ̀ inú ilé ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, mo sì ti ronú pìwà dà. Ẹ̀yin náà lẹ kúkú kọ ọ́ sí ògiri yẹn. Ẹ ní ẹ kì í béèrè àná."

Mo wo Pásítọ̀, òógùn ń ṣàn níwájú orí rẹ̀. Ó wá jọ pásítọ̀ gidi.

"Àná kọ́," mo ní. "Òní ni. Kò tíì pẹ́ tó ní kí n jẹ́ ká máa lọ sílé. Ṣọ́ọ̀ṣì méjì ni mo ti sá kúrò nítorí rẹ̀. Mi ò sá mọ́. Bí ó bá máa jókòó síbí, ẹ sọ fún mi, kí n máa lọ, mo ti gbé báàgì mi kọ́. Ẹ ò lè gba àwa méjèèjì. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́. Ẹ ò lè ṣe é."

Àga kan dún lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Oníṣègùn eyín ló dìde. "Mo fẹ́ fèsì," ó ní, bó ṣe máa ń wí lẹ́yìn ìwàásù. "Ẹ̀yin lẹ mọ Ọlọ́run, èmi ò mọ̀ ọ́n. Àmọ́ tí obìnrin yìí bá lọ, èmi náà ń lọ." Ó tún jókòó.

Pásítọ̀ gbé máíkì sílẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wá dúró níwájú ọkùnrin náà.

"Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká jáde."

"Ẹ ní ẹ kì í lé èèyàn."

"Mi ò lé yín. Èmi àti ẹ̀yin la jọ ń jáde. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbàdúrà, mo máa bá yín gbà á lórí àtẹ̀gùn. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ sunkún, mo ní áńkáṣíìfù. Àmọ́ inú ibí yìí, ẹ ò lè jókòó síbẹ̀."

Èmi ni ọkùnrin náà yíjú sí. Ó ń dúró kí n wolẹ̀, bí mo ṣe máa ń wolẹ̀. Mi ò wolẹ̀. Gbogbo ara mi ń gbọ̀n bí ẹ̀rọ ìfọṣọ, ṣùgbọ́n ojú mi ò kúrò lójú rẹ̀. Ẹ-káàbọ̀ ti wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tó fi dì mọ́ ọn láàárọ̀ pa mọ́ sẹ́yìn.

Ọkùnrin náà lọ. Ó tún gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí bíríkì náà jẹ́jẹ́. Pásítọ̀ tẹ̀ lé e.

Atẹ́gùn fẹ́ wọlé, ìwé orin ṣí fàà lórí àwọn àga. Gbogbo wa ń wo ẹnu ọ̀nà. Ẹ-káàbọ̀ dúró níbẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ara rẹ̀ tóbi, kò mọ ibi tó máa gbé e sí.

"Àbúrò mi," ó ní, "mi ò mọ̀. Ọlọ́run gbọ́, mi ò mọ̀."

"Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀, Bọ̀dá."

Ó wo bíríkì nílẹ̀. "Ṣé ká ti ilẹ̀kùn?"

Ìbéèrè ni. Mo ronú lé e lórí. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni èmi náà gbà wọlé, lọ́jọ́ tí òjò pa mí dé egungun, tí mi ò lè kan ilẹ̀kùn tí wọ́n bá tì.

"Ẹ tì í," mo ní. "Tòní nìkan."

Ó fi ẹsẹ̀ ti bíríkì náà, kò sún. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á yọ. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó yàtọ̀ sí gbogbo ilẹ̀ tó yí i ká. Ó ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn kọ̀ jálẹ̀, nítorí igi náà ti wú. Onífèrè gbé fèrè rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ bá a, àwọn méjèèjì fi èjìká tì í, wọ́n ń mí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́, ẹnì kan nínú ìjọ ní kí wọ́n gbé e sókè díẹ̀, ẹlòmíràn ní rárá, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. A ò lè ṣe nǹkan láìjiyàn. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn ó pa dé gbàgà, àwọn ọmọdé ta gìrì. Ìgbà náà la tó rántí pé kò sẹ́ni tó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Ẹ-káàbọ̀ bá gbé àga kan, ó gbé e ti ilẹ̀kùn, ó sì jókòó lé e, ó gbé bíríkì lé itan bí ọmọ.

Àga tí ọkùnrin náà dìde kúrò lórí rẹ̀ wà níwájú mi. Mo kọjá rẹ̀, mo lọ síbi tó kàn. Mo bọ́ okùn báàgì kúrò léjìká mi, èjìká náà dùn mí bí ẹni pé wọ́n yọ nǹkan kúrò lára rẹ̀. Mo gbé báàgì sábẹ́ àga. Mo jókòó, mo fẹ̀yìn tì.

Kò sẹ́ni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìyá Onídùùrù ń wò mí nínú dígí. "Orin wo, ọmọ mi?"

Mo fẹ́ dáhùn, ẹkún ló jáde. Mo fi ìka tí kì í ká nu ojú. Mo ní, "Mà, mi ò tíì mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n mí ná."

"Mí dáadáa," ó ní. "Bọ́ọ̀sì ò tíì gbéra."